Ìṣẹ́jú Méjìlá

Torleiv, ìwé rẹ dé lónìí.
Ó bá ilé, kò bá ẹni.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí a sin ọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
àwọn olówó-afárá kò tíì gbọ́.
Wọ́n kọ orúkọ rẹ gàdàgbà sókè,
wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ wa sábẹ́ rẹ̀,
wọ́n wá to ọjọ́, wákàtí àti kúrónà
bí ẹni ń sá pánlá sórí igi.

Mo ti fẹ́ fi í dáná.
Ojú mi ló kọsẹ̀ lára Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méje: àlọ.
Ọjọ́bọ̀ kan náà, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún: àbọ̀.
Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, bákan náà.
Èyí tó tún tẹ̀lé e, tí ìjì yìnyín ń fa igi ya,
bákan náà.

Ìwọ tí o ní ilé ìkówèé lo ń lọ.
Ìhà ibí ni ilé ìkówèé wà, Torleiv,
kò gba orí afárá kọjá.

Mo jókòó ti tábìlì, mo ń ṣírò.
Kí ni ọkùnrin lè fi ìṣẹ́jú méjìlá ṣe?
Kò tó fún àlè: àlè á ní kí o bọ́ kóòtù ná.
Kò tó fún dókítà, o mọ bí wọ́n ṣe ń mú ni jókòó.
Kò tó láti yáwó, kò tó láti sin gbèsè.

Nígbà kan, Asbjørg ló wà lẹ́nu afárá,
nínú ahéré onígíláàsì, òun àti sítóòfù kékeré.
Ọwọ́ ni ń na owó sí ọwọ́ nígbà náà,
owó kì í dá rìn.
Ì bá ti wí fún mi lẹ́yìn ìsìn:
"Gudveig, ọkọ rẹ mà tún kọjá lánàá, kí ló sọnù lọ́hùn-ún?"
Ẹnu Asbjørg ò ní ìdérí.
Wọ́n wó ahéré. Wọ́n gbé irin gàgàrà dábùú ọ̀nà,
wọ́n so ojú mọ́ ọn,
ojú tí kì í ṣẹ́, tí kì í kíni kú òtútù,
tó rí gbogbo rẹ̀, tí kò bi ọ́ léèrè ẹyọ kan.
Àpótí pẹlẹbẹ ara gíláàsì ọkọ̀ á ké píì,
ó parí.

Ọjọ́bọ̀ òní, mo mú kọ́kọ́rọ́.
Píì.
Mo ń wo aago bí olè.
Omi dúdú kirimù nísàlẹ̀,
ẹyẹ òkun mẹ́ta ń jà nítorí ohun tí n kò rí.
Lódìkejì, kò sí ilé, kò sí ṣọ́ọ̀bù,
ibi tí a ti máa ń tò dúró de ọkọ̀ ojú omi ni,
kí wọ́n tó mọ afárá:
kankéré tó sán, bẹ́ǹṣì kan.
Lábẹ́ bẹ́ǹṣì, agolo kọfí tó kún fún ìdí sìgá,
irú tìrẹ, tí a fi eyín tẹ̀ pẹlẹbẹ.

Háà, Torleiv.
Ọdún mẹ́sàn-án tí o ti búra fún mi lórí ibùsùn ọsibítù!
Mo rẹ́rìn-ín, mo fi ìbọ̀wọ́ nujú.
Kúrónà méjìlélọ́gbọ̀n àlọ, méjìlélọ́gbọ̀n àbọ̀,
nítorí sìgá ẹyọ kan.
Ahun bí ìwọ, tó ń paná yàrá mọ́ mi lójú!

Mo jókòó síbi tí o máa ń jókòó.
Láti ibẹ̀, òrùlé wa hàn ketekete,
àti èéfín sítóòfù mi.
O kò sọ fún mi pé ilé lo ń wò.

Mo kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Mo lo ogójì.
Bí mo ṣe ń bọ̀, irin yẹn tún ya fọ́tò mi.
Kí wọ́n fìwé ránṣẹ́.
Orúkọ rẹ ni wọ́n máa kọ sí i,
n kò ní lọ tún un ṣe.